Bí Oko Wa Ṣe Ń Di Ìlú



Láti ìgbà tí àwọn jagunjagun ti tẹ̀dó sí Ìbàdàn ní nǹkan bí ọdún 1829, ilé méjì ni àwọn baba wa ń ní. Agbo ilé mọ́gàjí wọn wà nínú ìlú, oko wọn sì wà ní abà. Abà ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́; wọn a wọ ìlú lọ bí ọdún tàbí ìnáwó bá dé. Odò, ọ̀nà ẹsẹ̀ àti igi pèrègún ni ààlà wọn. Ẹbí ni ó mọ̀ ọ́n, kò sí nínú ìwé. Ètò náà tó wọn, nítorí ilẹ̀ pọ̀ ju ènìyàn lọ.

Nísinsìnyí, ìlú ti wá bá wa lóko. Ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn ní ọdún 1901. Wọ́n ṣí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ní 1978. Ojú irin tuntun dé Mọ́níyà ní 2021. Níbi tí ọ̀nà bá dé, ilé a tẹ̀lé e. Oko kòkó di pulọ́ọ̀tì.

A kò ṣàìní àpẹẹrẹ. Àjọ ìkọ́lé tí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá sílẹ̀ ní 1958 wọn ọ̀nà ní Bódìjà kí ilé tó dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n létí odò Ògùnpa, ilé àti pàǹtí dí ojú omi. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ 1980, omi náà gba ẹ̀mí tí ó lé ní 200. Ní oṣù kẹjọ 2011, àgbàrá tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní Ìbàdàn, ó pa ènìyàn tí ó lé ní 100.

Ẹ wo ọ̀nà odò tí a ń gbà nígbà èwe wa: ògiri ti dí i. Ta ni ó tà á? Àwa náà ni.

A kò ní kí ẹnikẹ́ni má ta ilẹ̀ baba rẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ wa ni pé kí ẹbí kọ̀ọ̀kan pe awọnlẹ̀ kí wọ́n tó tún ta ilẹ̀. Kí a yọ ọ̀nà, etí odò àti ibi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀, kí Ẹgbẹ́ wa sì kọ ọ́ sínú ìwé. Bí a bá fi í sílẹ̀ di ọ̀la, katakata ìjọba ni yóò la ọ̀nà náà, ilé tálákà ni yóò sì kọ́kọ́ wó. Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni babaláwo fi ń dífá lọ́rọọrún.

Kí Ọlọ́runṣògo máa gbòòrò, kí ó má sì wó lé wa lórí. Àṣẹ.