Ẹni tí Ó Gba Ìlú, Èdè tí Ó Gba Ẹni Náà

Lítíréṣọ̀ ni iṣẹ́ mi, èmi kì í ṣe òpìtàn. Nítorí náà, ojú èdè ni n óò fi wo ìtàn lónìí.

Ogun ni ayé fi mọ àwọn Norman. Láti àríwá Yúróòpù ni àwọn baba ńlá wọn ti ń wa ọkọ̀ wá bá àwọn ará Faransé, tí wọ́n ń kó wọn lẹ́rú, tí wọ́n ń kó wọn lẹ́rù. Ní 911, Ọba Charles fi ilẹ̀ tí a wá mọ̀ sí Normandy ta Rollo, olórí wọn, lọ́rẹ, kí òun lè sinmi. Wọ́n fẹ́ obìnrin ibẹ̀. Obìnrin bímọ, ọmọ sì gbọ́ èdè ìyá rẹ̀. Nígbà tí William fi máa ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Hastings ní 1066, èdè Faransé ni ó wà lẹ́nu wọn. Èdè tún borí wọn lọ́hùn-ún náà: ní 1362, òfin jáde pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n máa fi rojọ́ ní kóòtù. (Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín: èdè Faransé ni wọ́n fi kọ òfin ọ̀hún.) Ṣùgbọ́n èdè tí ó borí náà fara gbọgbẹ́. Màlúù tí àgbẹ̀ ń dà ní pápá ń jẹ́ cow, orúkọ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹran rẹ̀ lórí tábìlì ìjòyè di beef, orúkọ Faransé.

Ẹ jẹ́ kí a padà wálé. Àfọ̀njá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, kẹ̀yìn sí Aláàfin, ó sì fi Àlímì, àlùfáà Fúlàní, ṣe alátìlẹ́yìn ní Ìlọrin. Ní nǹkan bí 1824, àwọn ọmọ ogun tí ó rò pé tòun ni wọ́n pa á. Abdulsalami, ọmọ Àlímì, di Ẹ́míà àkọ́kọ́. Oyè náà kò sì tíì kúrò nínú ìdílé náà títí dòní. Ìbàdàn tí a wà yìí ni ó dá ogun wọn dúró ní Òṣogbo ní nǹkan bí 1840.

Kí ni wọ́n wá ń sọ ní ààfin Ìlọrin? Yorùbá ni. Nínú ilé kéú, Yorùbá ni àlùfáà fi ń túmọ̀ Lárúbáwá fún ọmọ. Ẹ wo oyè ogun wọn mẹ́rin: Balógun Gàmbàrí, Balógun Fúlàní, Balógun Àjíkòbì, Balógun Àlánàmú. Fúlàní jẹ oyè, a pè é ní Balógun! Kò yà mí lẹ́nu, nítorí Yorùbá pọ̀ nínú àwọn tí ó bá wọn jagun. Sọ̀lágbẹ́rù, olórí àwọn Mùsùlùmí Òkè Sùnnà, Yorùbá ni. Àwọn kan ní Fúlàní tí ó wọ agbádá ni ará Ìlọrin. Àwọn mìíràn ní Yorùbá pọ́ńbélé ni. Èmi kò bá ìkankan nínú wọn lọ. Ìlọrin gba èdè wa, ó sì fi ẹ̀sìn àti ìmọ̀ kéú rẹ̀ kún un.

Ohun tí ó ń kọ mí lóminú ni pé ẹnu ìyá ni èdè ti ṣẹ́gun ní Normandy. Ẹlẹ́yẹlé ni mo ń gbé, lẹ́bàá adágún omi tí wọ́n sé ní 1942. Bí mo bá ń rìn lọ níbẹ̀ nírọ̀lẹ́, mo máa ń gbọ́ àwọn ìyá, ọmọ Yorùbá bíi tèmi, tí wọ́n ń fi Gẹ̀ẹ́sì bá ọmọ wọn wí. Kò sí ogun kankan lójú ọ̀nà náà.