Láti Ìkòkò Tábà Dé Vape Pen: Ìtàn Ìtọ́jú Ohun Èlò Èéfín àti Ohun Tó Kan Olùkọ́ Nínú Rẹ̀

Àṣamọ̀

Ìtàn tábà tí a sábà máa ń kà jẹ́ ìtàn òwò, ìtàn owó-orí àti ìtàn àìsàn. Bébà yìí gba ọ̀nà mìíràn. Ó wo bí àwọn tó ń mu tábà ṣe ń tọ́jú ohun tí wọ́n fi ń mu ún, láti ayé ìkòkò alámọ̀ títí dé ayé vape pen. Èrò wa ni pé iṣẹ́ ìtọ́jú yìí ni ó máa ń fi ìdọ̀tí tábà han ẹni tó ń mu ún, àti pé bí àwọn oníṣòwò bá ti mú iṣẹ́ náà kúrò, ọ̀nà a túbọ̀ là fún ọmọdé. A fi àbá fún àwọn tó ń kọ́ olùkọ́ kádìí ọ̀rọ̀.

Ìfáàrà

Vape ti wọ inú ilé ìwé. Òmíràn jọ kálámù, òmíràn jọ fíláàṣì kọ̀ǹpútà, òórùn rẹ̀ sì lè jọ ti máńgòrò tàbí ti súìtì. Alábòójútó ilé gbígbé akẹ́kọ̀ọ́ lè rí i lórí tábìlì kó kọjá lọ, kó rò pé ohun ìkọ̀wé ni. Nǹkan tí olùkọ́ kò dá mọ̀, kò lè bá ọmọ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ kí ọmọ náà gbà á gbọ́. Ìdí nìyí tí a fi rò pé ó tọ́ kí a mú ọ̀rọ̀ yìí wá síwájú àpérò àwọn olùkọ́ni. A ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn wá, nítorí vape kì í ṣe ohun èlò àkọ́kọ́ tí ó nílò fífọ̀ àti títúnṣe kí ènìyàn tó lè fa èéfín láti inú rẹ̀.

Ayé ìkòkò tábà

Àwọn ọmọ onílẹ̀ ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n kọ́kọ́ ń lo tábà. Àwọn tó bá Columbus tukọ̀ rí i lọ́wọ́ wọn ní 1492. Nígbà tí ó fi máa di sẹ́ńtúrì kẹtàdínlógún, tábà ti dé etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, orúkọ rẹ̀ sì bá a rìn. Yorùbá ń pè é ní tábà, Hausa ń pè é ní taba, àwọn Igbo sì ń pe èyí tí wọ́n lọ̀ kúnná ní utaba. Ẹ̀yin aṣojú tí ẹ wá láti ẹkùn gbogbo, kò sí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà yóò ṣe àjèjì sí létí nínú wa.

Èyí tó gbajúmọ̀ jù ní etíkun wa ni tábà Bahia láti ilẹ̀ Brazil. Wọ́n a lọ́ ewé rẹ̀ bí okùn, wọ́n a fi omi ìrèké tó ti ki pa á lára, wọ́n a sì ká a jọ ní ìdì ńláńlá. Ní Ouidah, Àjàṣẹ́, Àgbádárìgì àti Èkó, tábà yìí wà lára ohun tí àwọn oníṣòwò fi ra ọmọ ènìyàn lẹ́rú. Nítorí náà, ìtàn tábà lọ́dọ̀ wa kò mọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ohun èlò tí wọ́n fi ń mu ún ni ìkòkò tábà. Àwọn awalẹ̀pìtàn mọ àǹfààní rẹ̀ dáadáa: ibi tí wọ́n bá ti hú àfọ́kù ìkòkò tábà, wọ́n mọ̀ pé ìpele ilẹ̀ náà kò lè ti wà ṣáájú ìgbà tí tábà dé. Ìyàtọ̀ kan wà láàárín ìkòkò àwọn òyìnbó àti ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ti àwọn òyìnbó ayé ìgbà náà jẹ́ amọ̀ funfun, orí àti ọ̀pá rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ara wọn, ọ̀pá náà sì gùn. Tiwa sábà máa ń jẹ́ orí alámọ̀ tó ní ọrùn kúkúrú, tí a ó ki ọ̀pá igi tàbí ti esùsú bọ̀ lọ́rùn.

Ìyàtọ̀ yìí kan ìtọ́jú. Bí ìkòkò òyìnbó bá dí, wọ́n a kó ọ̀pọ̀ rẹ̀ sínú férémù onírin, wọ́n a gbé e sínú iná ààrò kí ọ̀dà inú rẹ̀ lè jóná, amọ̀ náà a sì tún funfun. Ìkòkò tiwa kò ní irú wàhálà bẹ́ẹ̀, nítorí ọ̀pá rẹ̀ ṣeé fà yọ. Àwọn kan nínú wa tó ti lé ní àádọ́ta ọdún ṣì bá àwọn ìyá àgbà tó ń mu ìkòkò láyé. Wọ́n a gbọn eérú rẹ̀ dànù, wọ́n a fa ọ̀pá yọ, wọ́n a fi ẹyọ ìgbálẹ̀ tàbí wáyà tín-ín-rín ti inú rẹ̀. Ọ̀dà dúdú tó ń rùn a sì jáde, wọ́n kì í sì í jẹ́ kí ọmọdé fọwọ́ kàn án. Bí ọ̀pá bá ti bàjẹ́ jù, wọ́n a pààrọ̀ rẹ̀.

A kò sọ pé ìkòkò tábà kò léwu. Ó léwu, ó ń ba ẹnu àti ọ̀fun jẹ́. Ohun tí a ń tọ́ka sí ni pé ẹni tó ń mu ún ń fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tí èéfín ń fi sílẹ̀ lọ́nà kó tó dé ọ̀fun. Gbangba ni ìtọ́jú náà ti ń wáyé, lójú ẹbí, lọ́wọ́ àgbàlagbà. Ọmọdé rí i, ó sì gbọ́ ìkìlọ̀ níbẹ̀.

Ayé sìgá: ohun èlò tí kò nílò ìtọ́jú

Ní 1881, James Bonsack, ọmọ Amẹ́ríkà, gba ìwé àṣẹ olùṣẹ̀dá fún ẹ̀rọ tó ń wé sìgá. Ẹ̀rọ yìí ni ó sọ sìgá di ọjà tó pọ̀, tó sì pọ́ọ́kú. Ní 1902 ni wọ́n dá British American Tobacco sílẹ̀. Ilé iṣẹ́ náà ta gbòǹgbò ní Nàìjíríà, àwọn àgbẹ̀ Òkè-Ògùn gbin tábà fún un, ó sì ṣí ilé iṣẹ́ tuntun ní Ìbàdàn ní 2003.

Kí ni sìgá yí padà nínú ìtàn tí a ń sọ? Ó mú ìtọ́jú kúrò pátápátá. A tan án, a fà á, a sọ ìdí rẹ̀ nù. Kò sí ọ̀pá tí a ó fà yọ, kò sí ìgbálẹ̀ tí a ó fi ti inú rẹ̀. Ọ̀dà tí ìyá àgbà ń rí lẹ́nu ẹyọ ìgbálẹ̀ kò tíì lọ síbì kankan. Inú ẹ̀dọ̀fóró ni ó gbà lọ, níbi tí ojú kò ti lè rí i. Ó di ọdún 1964 kí ọ̀gá àgbà oníṣègùn ìjọba Amẹ́ríkà tó gbé ìròyìn ńlá jáde pé sìgá ń fa àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Ìdọ̀tí tí a kò rí ni a kì í tètè bẹ̀rù.

Ìdí mìíràn tún wà. Ìkòkò nílò ẹni tó mọ bí a ti ń dì í, bí a ti ń tàn án, bí a ti ń fọ̀ ọ́. Sìgá kò béèrè ìmọ̀ kankan. Ọmọ ọdún méjìlá lè ra ẹyọ kan lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé, kó mu ún tán kí aago tó lù.

Ayé vape: ìtọ́jú padà dé

Ní 1963, Herbert A. Gilbert ní Amẹ́ríkà béèrè fún ìwé àṣẹ lórí sìgá tí kò ní tábà tí kò sì ní iná; ó rí i gbà ní 1965, ṣùgbọ́n ohun èlò náà kò wọ ọjà. Ní 2003 ni Hon Lik, apòògùn ará Ṣáínà, ṣe èyí tó di ìpìlẹ̀ ti òde òní. Láàárín ọdún mẹ́rin sí i, ó ti dé Yúróòpù àti Amẹ́ríkà.

Vape pen ní ẹ̀yà mẹ́rin tó ṣe kókó. Àkọ́kọ́ ni bátìrì. Èkejì ni tánkì, níbi tí oje wà. Oje náà jẹ́ àpòpọ̀ propylene glycol, glycerin, ohun amóòórùn-dùn àti, lọ́pọ̀ ìgbà, nicotine. Ẹ̀kẹta ni kọ́ìlì, wáyà kékeré tí òwú yí ká. Ẹ̀kẹrin ni ẹnu tí a fi ń fà á. Bátìrì a mú kọ́ìlì gbóná, òwú a fa oje wá, oje a sì di ìkùukùu.

Bí àwọn tó ń lò ó ṣe ń tọ́jú rẹ̀ nìyí. Wọ́n a kọ́kọ́ yọ bátìrì sọ́tọ̀, nítorí omi kò gbọdọ̀ kàn án. Wọ́n a da oje tó kù nù, wọ́n a tú tánkì àti ẹnu rẹ̀, wọ́n a fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọ̀ wọ́n, wọ́n a sì jẹ́ kí wọ́n gbẹ pátápátá. Ojú irin tí bátìrì àti tánkì ti pàdé, òwú tí a fi sípíríìtì díẹ̀ rẹ ni wọ́n fi ń nù ún, nítorí oje tó bá jò síbẹ̀ kì í jẹ́ kí iná kọjá. Kọ́ìlì kì í pẹ́. Adùn inú oje a máa jó mọ́ ọn lára bí ìdí ìkòkò ọbẹ̀ tó jóná. Bí ó bá ti dúdú, tí ìkùukùu bá ń kan lẹ́nu, pípààrọ̀ ni. Kí wọ́n tó lo kọ́ìlì tuntun, wọ́n a kán oje sí òwú rẹ̀, wọ́n a dúró díẹ̀ kó rin. Bí òwú bá gbẹ tí wọ́n sì tẹ iná, oje àti òwú a gbóná kọjá ààlà, èròjà olóró bíi formaldehyde a sì pọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń fà.

Ẹ wò ó bí ìtàn ṣe yí po. Wáyà tí a fi ń ti ọ̀pá ìkòkò ti padà dé ní ìrísí mìíràn. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ ńlá kan wà: ìyá àgbà kò fi ìkòkò rẹ̀ pamọ́. Vape ọmọ ilé ìwé, ìkọ̀kọ̀ ni wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀, ọwọ́ ẹni tó tà á ni wọ́n sì ti kọ́ bí a ti ń ṣe é.

Kò sì pẹ́ tí àwọn oníṣòwò tún fi mú iṣẹ́ náà kúrò. Ní 2015 ni JUUL jáde ní Amẹ́ríkà. Kò sí tánkì tí a ó fọ̀. Bí oje bá tán, a ó yọ páádì rẹ̀ sọ nù, a ó ki òmíràn bọ̀ ọ́. Ìwádìí ọdọọdún tí ìjọba Amẹ́ríkà ń ṣe fi hàn pé ní 2017, ìdá 11.7 nínú 100 akẹ́kọ̀ọ́ ilé ìwé girama àgbà ni ó lo sìgá oníbátìrì láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ tó ṣáájú ìwádìí. Ní 2019, ó ti di 27.5. Adùn àti ìpolówó wà lára ohun tó fà á, ṣùgbọ́n ìrọ̀rùn lílò rẹ̀ kó ipa tirẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni èyí tí a ń lò lẹ́ẹ̀kan sọ nù gbòde. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi òfin de títà irú rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà 2025, nítorí ìdọ̀tí tó ń dá sílẹ̀ àti nítorí àwọn ọmọdé.

Ohun tí fífọ̀ kò lè ṣe

Ìbéèrè tí akẹ́kọ̀ọ́ máa ń bi olùkọ́ ni pé: bí ènìyàn bá ń fọ̀ ọ́ déédéé, ṣé ewu tún kù? Ìtàn ti dáhùn. Fífọ̀ lè dín oje jíjó kù, ó sì lè mú kí iná inú rẹ̀ ṣiṣẹ́ dáadáa. Kò lè yọ nicotine kúrò nínú oje, nicotine ni ó sì ń sọ ọmọ di ẹrú rẹ̀, nígbà tí ọpọlọ ọmọ náà ṣì ń dàgbà.

Ní 2019, àìsàn ẹ̀dọ̀fóró kan bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn tó ń fa vape ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí ó fi máa di oṣù kejì 2020, ènìyàn 2,807 ni àkọsílẹ̀ ìjọba fi hàn pé ó gbé dé ilé ìwòsàn tàbí pa, 68 nínú wọn sì ti kú. Ohun tí àwọn oníwádìí tọ́ka sí jù ni vitamin E acetate, tí àwọn kan pò mọ́ oje tó ní èròjà igbó. Kò sí tánkì tó mọ́ tó tí ó lè gba ènìyàn lọ́wọ́ oje burúkú. Bátìrì náà ní ewu tirẹ̀: ní 2018, vape bú gbàmù ní Florida, ó sì pa ọkùnrin kan.

Àbá

Èkíní, kí àwọn olùkọ́ àgbà kọ́ àwọn tó ń lọ fún ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́ bí wọ́n ṣe lè dá ẹ̀yà vape mọ̀: kọ́ìlì, páádì, ìgò oje, ṣájà rẹ̀.

Èkejì, bí wọ́n bá rí i lọ́wọ́ ọmọ, kí wọ́n má ṣe jù ú sínú iná tàbí sínú àkìtàn tó ń jó, nítorí bátìrì rẹ̀ lè bú. Kí wọ́n má sì jẹ́ kí oje rẹ̀ kan ara tàbí ojú. Bí ó bá kàn án, kí wọ́n fi omi púpọ̀ ṣàn án.

Ẹ̀kẹta, kí wọ́n mọ̀ pé òfin orílẹ̀-èdè lórí tábà, ti 2015, kò fàyè gba títa tábà fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 18, kò sì fàyè gba mímu ún nínú ilé ìwé.

Ẹ̀kẹrin, kí a fi èdè abínibí ọmọ sọ ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ tó bá gbọ́ ìtàn ìkòkò àti ẹyọ ìgbálẹ̀ ní èdè ilé rẹ̀ yóò mọ̀ pé ohun tí wọ́n ń tà fún un gẹ́gẹ́ bí ohun tuntun ti dàgbà ju ìyá ìyá rẹ̀ lọ.

Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i pé nínú ìtàn tábà, ọwọ́ tó ń fọ ohun èlò ni ọwọ́ tó ń rí òtítọ́ rẹ̀. Ìkòkò fi ọ̀dà hàn, sìgá fi í pamọ́, vape fi òórùn dídùn bò ó. Àwọn àgbà ní èéfín ni ìwà, bí a bò ó mọ́lẹ̀, yóò rú jáde. Iṣẹ́ olùkọ́ ni kí ó má dúró dìgbà tí yóò fi rú jáde lára ọmọ ọlọ́mọ. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ẹni tó ń ta vape kò sì ní bá wa kọ́ ọ.