Ojú, Ọpọlọ àti Ìran: Láti Aṣọ Sinimá dé Awò Àdìmójú

Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ tọpasẹ̀ rẹ̀ nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí: kí ni ìran ń ṣe sí ọpọlọ ẹni tí ń wò ó, ọ̀nà wo ni ó sì yẹ kí a gbà mọ̀ ọ́n? Ní Inísà àti agbègbè rẹ̀, láti Ìkìrun dé Òkukù, ìran kò ṣàjèjì. Eégún aláré ti ń pidán lójú agbo kí àwọn eléré orí ìtàgé, bí ẹgbẹ́ Oyin Adéjọbí ti Òṣogbo, tó máa gbé eré káàkiri. Lójú agbo, ohun tí ojú rí ni etí ń gbọ́; ẹsẹ̀ sì mọ ilẹ̀ tí ó tẹ̀.

Ní ìparí àwọn ọdún 1920, William Sellers, òṣìṣẹ́ ètò ìlera ìjọba amúnisìn ní Nàìjíríà, bẹ̀rẹ̀ sí fi sinimá kọ́ni ní ìmọ́tótó. Nígbà tí a dá Colonial Film Unit sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1939, òun ni a fi ṣe olórí rẹ̀. Ó gbà pé ojú ará Áfíríkà tí kò kàwé kò lè tètè gba àwòrán tí ń rìn. Nítorí náà, kí sinimá tiwọn máa falẹ̀, kí ó má sì ní àrà kámẹ́rà. Ìtàn kan tàn kálẹ̀ láyé ìgbà náà pé àwọn òǹwòran kan rí ẹ̀fọn ràgàjì lára aṣọ sinimá, wọ́n ní kò sí irú ẹ̀fọn ńlá bẹ́ẹ̀ ní ìlú àwọn. A fi èyí ṣe ẹ̀rí àìmòye. Èmi kò rí àìmòye níbẹ̀. Ẹni tí ó fi ohun tí ó rí wé ohun tí ara rẹ̀ ti mọ̀ ń lo ọpọlọ ni.

Kò pẹ́ tí ìṣẹ̀lẹ̀ fi hàn pé èrò Sellers kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ní ọjọ́ 31, oṣù Ọ̀wàrà, 1959, amóhùnmáwòrán bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn. Ní 1979, Hubert Ògúndé gbé sinimá Aiyé jáde, àrà kámẹ́rà kún inú rẹ̀, èrò sì wọ́ tọ̀ ọ́.

Awò tí a ń dì mọ́ ojú, tí a mọ̀ sí virtual reality, ti tún gbé ọ̀rọ̀ náà dìde. Ivan Sutherland ṣe irú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1968. Ní Èkó, Judith Okonkwo dá Imisi 3D sílẹ̀ ní 2016 fún iṣẹ́ yìí. Bí a bá ń wo amóhùnmáwòrán, a ṣì ń rí ògiri àti ẹni tí ó jókòó tì wá. Ọpọlọ mọ̀ pé orí ìjókòó ni a wà. Awò àdìmójú a máa bo gbogbo ìyẹn. Ojú a ní à ń sáré. Ẹ̀yà inú etí tí ń díwọ̀n ìrìn a ní a kò kúrò lójú kan. Inú àìfohùnṣọ̀kan yìí ni òòyì àti èébì ti ń wá. Ní 2014, Mayank Mehta àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Kalifọ́níà ní Los Angeles fi hàn pé nígbà tí eku ń rìn nínú ayé àwòrán, ó ju ìdajì lọ nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì apá ọpọlọ tí ń bá a mọ ibi tí ó wà tí ó dákẹ́.

Eku kì í ṣe ènìyàn. Ṣùgbọ́n òòyì awò yìí ń kọ́ òyìnbó pàápàá, kò sì sí ẹni tí ó pè wọ́n ní aláìmòye. Iṣẹ́ kan náà ni ọpọlọ wọn àti ti àwọn òǹwòran ẹ̀fọn ń ṣe: wọ́n ń bi ara yòókù bóyá òótọ́ ni ojú sọ. Nítorí náà, bí a óò bá gbé awò yìí wọ ilé-ẹ̀kọ́ ní Inísà, kí a má tún fi ìméfò sọ̀rọ̀ nípa ọpọlọ àwọn ọmọ wa. Kí àwọn olùwádìí wa yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n sì bi àwọn ọmọ náà léèrè. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀. A kò mọ èyí tí inú ń run.