Ọ̀nà Òkè Láti Massawa Dé Asmara

Bí wọ́n bá ní kí n fi ọ̀nà kan ṣoṣo sọ ìtàn ilẹ̀ Eritrea, ọ̀nà tó ti Massawa gòkè lọ sí Asmara ni mo máa mú. Etí Òkun Pupa ni Massawa wà, níbi tí oòrùn ti ń mú bí iná ààrò. Orí òkè ni Asmara wà ní tirẹ̀, ó fi ohun tó lé ní 2,300 mítà ga ju òkun lọ, ẹni tó bá sùn síbẹ̀ yóò wá aṣọ ìbora. Síbẹ̀, nǹkan bíi kìlómítà 115 péré ni ọ̀nà tó so ìlú méjèèjì pọ̀. Ẹni tó bá ti Asmara gun kẹ̀kẹ́ ológeere sọ̀kalẹ̀ láàárọ̀ lè dé etí òkun kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná. Bíréèkì ni yóò máa dì mú ṣáá. Àtipadà gòkè ni iṣẹ́ wà. Èmi tí mo dàgbà ní Èkìtì mọ ohun tí òkè ń fi ojú orúnkún rí, ṣùgbọ́n òkè tiwa kò gùn tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa bí ọ̀nà náà ṣe rí. Kété tí èèyàn bá jáde ní Asmara sápá ìlà oòrùn, ṣe ni ilẹ̀ já wálẹ̀ lójijì. Ọ̀nà kò lè sọ̀ tààrà, nítorí náà ó ń lọ́ bí ejò, ó ń yí sọ́tùn-ún, ó ń yí sósì, tí ọ̀gbun ńlá sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní àwọn oṣù kan, kùrukùru máa ń ti ọ̀dọ̀ òkun gòkè wá, á sì dúró sí agbede-méjì òkè. Ẹni tó bá wà lókè, tó dúró sí etí títì, yóò máa wo kùrukùru nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ẹni ń wo òwú tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀. Nígbà tí kùrukùru bá ká, yóò rí orí àwọn òkè lọ súà. Ọ̀kan nínú wọn wà lókè ìlú kékeré tí wọ́n ń pè ní Nefasit. Ibẹ̀ ni ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn Kristi tó ń jẹ́ Debre Bizen wà, láti ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìnlá, àwọn obìnrin kì í sì í débẹ̀. Lẹ́yìn Nefasit ni Ghinda, lẹ́yìn Ghinda ni ooru bẹ̀rẹ̀, títí dé Massawa.

Òkè yìí dára wò. Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí ẹwà ni wọ́n ṣe la ọ̀nà ibẹ̀.

Ní ọdún 1885 ni àwọn ará Ítálì gba Massawa. Wọn kò fẹ́ jókòó sínú ooru etí òkun. Ilẹ̀ òkè tó tutù, tó sì dára fún oko, ni ojú wọn wà. Ní 1890 wọ́n kéde pé gbogbo àgbègbè náà ti di tiwọn, wọ́n sì sọ ọ́ ní Eritrea, orúkọ tí wọ́n fa yọ láti inú orúkọ tí àwọn ará Gíríìkì ìgbàanì ń pe Òkun Pupa. Wọ́n tún fẹ́ gba Etiópíà mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ọmọ ogun Ọba Menelik lù wọ́n bí ẹni lu bàrà ní Adwa ní 1896. Láàárín gbogbo èyí, wọ́n ń tẹ ojú irin láti Massawa. Ọdún 1887 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, ọdún 1911 ni ọkọ̀ ojú irin tó dé Asmara. Ọdún mẹ́rìnlélógún fún ọ̀nà tí kò tó kìlómítà 120! Ẹ ti mọ irú òkè tó jẹ́.

Nígbà tí Mussolini wá pinnu pé òun yóò gbẹ̀san Adwa, Massawa ni ó gbà kó àwọn ọmọ ogun, ìbọn, símẹ́ńtì àti ọkọ̀ ẹrù wọlé ní 1935. Ọkọ̀ ojú irin nìkan kò lè gbé e. Wọ́n fẹ ọ̀nà òkè náà, wọ́n tún un ṣe, wọ́n tún fi okùn irin ta afárá sójú ọ̀run, tí àwọn agbọ̀n ẹrù ń gbà lórí rẹ̀ láti etí òkun dé Asmara, ohun tó gùn ju kìlómítà 70 lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ Ítálì wà níbi iṣẹ́ náà, àwọn ọmọ Eritrea náà sì wà níbẹ̀. Ọ̀nà ogun ni.

Àwọn ará Ítálì kan náà ló mú kẹ̀kẹ́ wọ Asmara. Eré kẹ̀kẹ́ wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ eléré kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ bíi ti ilé wọn. Àwọn nìkan ló ń bá ara wọn du ipò. Ìjọba Mussolini ti ṣòfin lẹ́yìn 1935 pé funfun àti dúdú kò gbọdọ̀ dàpọ̀: ibùgbé ọ̀tọ̀, ilé ọtí ọ̀tọ̀, kódà wọ́n fòfin de kí ọkùnrin Ítálì máa bá obìnrin Eritrea gbé bíi tọkọtaya. Ọmọ Eritrea lè fi kẹ̀kẹ́ lọ síbi iṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀, àmọ́ kò gbọdọ̀ bá ọ̀gá náà sáré.

Ní 1939, wọ́n gbà kí wọ́n jọ sáré lẹ́ẹ̀kan. Ọmọ Eritrea kan tó ń jẹ́ Ghebremariam Ghebru ló gbégbá orókè.

Mo máa ń gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé Ítálì ló fi eré kẹ̀kẹ́ ta Eritrea lọ́rẹ. N kò fara mọ́ ọn. Ohun tí èèyàn bá fún ọ, kì í tún fi òfin lé ọ sẹ́yìn nídìí rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ni Ítálì mú wá, òótọ́ ni. Àwọn ọmọ Eritrea ló fi ẹsẹ̀ ara wọn gba eré náà. Òkè náà sì ràn wọ́n lọ́wọ́. Afẹ́fẹ́ òkè fúyẹ́, ẹni tó bá dàgbà síbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti kọ́ bí a ṣe ń fi afẹ́fẹ́ díẹ̀ ṣe iṣẹ́ púpọ̀.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé Ítálì kúrò ní 1941. Ní 1946 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe ìdíje tí kẹ̀kẹ́ fi ń yí Eritrea ká. Ṣùgbọ́n ìdùnnú náà kò tọ́jọ́. Wọ́n so Eritrea mọ́ Etiópíà ní 1952, nígbà tó sì di 1962 Etiópíà gbé e mì pátápátá. Ogun òmìnira ti bẹ̀rẹ̀ ní 1961, ọgbọ̀n ọdún gbáko ni wọ́n fi jà á. Ọ̀nà òkè tún padà di ọ̀nà ogun. Ní oṣù Èrèlé 1990, àwọn ajàjàgbara gba Massawa, ẹnu ọ̀nà òkun sì pa dé mọ́ ọmọ ogun Etiópíà tó wà lókè ní Asmara. Ní 1991 Asmara bọ́, ní 1993 Eritrea di orílẹ̀-èdè olómìnira. Ìdíje kẹ̀kẹ́ náà padà bẹ̀rẹ̀ ní 2001. N kò ní fi bò pé láti 1993 náà, ìjọba kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, wọn kò tíì dìbò yan ààrẹ, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló sì ti sá kúrò nílùú.

Ní 2015, Daniel Teklehaimanot wọ aṣọ funfun oníkókó pupa, aṣọ ẹni tó ń ṣíwájú lórí òkè, níbi ìdíje ńlá ti ilẹ̀ Faransé. Ọmọ Áfíríkà kankan kò wọ̀ ọ́ rí. Ní 2024, Biniam Girmay, tí wọ́n bí ní Asmara, borí lọ́jọ́ mẹ́ta nínú ìdíje yẹn kan náà, ó sì gbé aṣọ àwọ̀ ewé lọ sílé.

Títì ńlá kan wà láàárín Asmara tí igi ọ̀pẹ tò sí. Nígbà ìjọba Ítálì, orúkọ Mussolini ni wọ́n fi pè é. Harnet ló ń jẹ́ báyìí, ìyẹn òmìnira ní èdè Tigrinya. Nígbà tí Girmay padà wálé ní 2022, lẹ́yìn tó borí nínú ìdíje Gent–Wevelgem ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, ṣe ni èrò tú síta ní Asmara láti pàdé rẹ̀, tọmọdé tàgbà, àwọn kan lórí kẹ̀kẹ́.