Oríkì Ọba Ọ̀yọ́ Nínú Àwo Orin

Ọjà ọba ni Akẹ̀sán, ọ̀kánkán ààfin Aláàfin ni ó sì wà ní ìlú Ọ̀yọ́. Ní sàkáání ibẹ̀, ẹnu ni ewì àtijọ́ ń gbé. Àwọn akùnyùngbà ń fi yùngbà ki ọba, onírárà ń sun rárà, onílù sì ń fi dùndún sọ ohun kan náà. Ẹni tí a ń kì àti ọjọ́ tí a ń kì í ni ó ń pinnu bí ewì yóò ti gùn tó. Báwo wá ni a ṣe lè sọ irú ewì bẹ́ẹ̀ di orin inú àwo tí adùn rẹ̀ kò fi ní í sọnù?

Dúró Ládípọ̀ ti Òṣogbo wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ fi iṣẹ́ ọwọ́ wọn dáhùn. Inú ṣọ́ọ̀ṣì ni ó ti bẹ̀rẹ̀ orin kíkọ. Nígbà náà, ohùn orin àwọn Òyìnbó ni a fi ń kọ ọ̀pọ̀ orin ìsìn Yorùbá. Bí ohùn orin bá ń gòkè níbi tí ohùn ọ̀rọ̀ ti ń sọ̀kalẹ̀, ìtumọ̀ a dàrú, ọkọ a di ọkọ́, ọkọ́ a sì di ọkọ̀. Ládípọ̀ mú ìlù ìbílẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn kan nínú ìjọ fárígá. Ó bá gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí orí ìtàgé.

Ní ọdún 1963 ni ó gbé Ọba Kòso jáde, ìtàn Ṣàngó, Aláàfin Ọ̀yọ́, àti Tìmì òun Gbọ̀nkáà. Oríkì àti ọfọ̀ ni ó fi ṣe òpó eré náà. Ó jẹ́ kí ohùn ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ tọ́ orin sọ́nà, ó fi bàtá àti dùndún gbè é, ó sì fún agbo ní ègbè. Eré náà dé Berlin ní 1964, ó sì dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1965. A gba ohùn rẹ̀ sórí téèpù. Láti inú téèpù ni àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn ti kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Ó di àwo orin pẹ̀lú.

Ní Ògbómọ̀ṣọ́, Ògúndáre Fọ́yánmu gbé ìjálá ọdẹ sínú àwo. Àmọ́ àwo ní ìwọ̀n tirẹ̀: ojú rẹ̀ kan kì í sábà ju bí ogún ìṣẹ́jú lọ, akéwì kò sì rí ojú ẹni tí ń gbọ́ ọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ti inú àwo nìkan kọ́ oríkì lè rò pé bí ó ti wà níbẹ̀ nìkan ni a ṣe ń kì í. Nítorí náà, ó yẹ kí olùkọ́ mú un dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ó ṣì ń kéwì.

Síbẹ̀, èrè àwo kò kéré. Iná jó Ọjà Akẹ̀sán ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020, a sì tún un kọ́. Ládípọ̀ ti kú láti ọdún 1978. Kò sí ẹni tí ó lè tún ohùn tirẹ̀ kọ́ bí a kò bá ti gbà á sílẹ̀.