Infinitive nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì àti ìlò rẹ̀ láàárín àwọn elédè Yorùbá

Infinitive ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ gírámà fún ìrísí ọ̀rọ̀-ìṣe èdè Gẹ̀ẹ́sì tí kò fi àsìkò hàn, tí kì í sì í yí padà nítorí ẹni tí ó ń ṣe nǹkan náà. Oríṣi méjì ni ó pín sí: èyí tí ọ̀rọ̀ kékeré “to” ṣáájú, bí “to go” àti “to eat”, àti èyí tí ó dá dúró láìsí “to”, bí “go” nínú “I can go”. Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, ó máa ń so pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ, ọ̀rọ̀ àpọ́nlé àti ọ̀rọ̀ àpèjúwe. Ní ojú ibi ìsopọ̀ wọ̀nyí ni elédè Yorùbá tí ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ti sábà máa ń kọsẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń fi infinitive sọ, awẹ́ gbólóhùn tí ó ní olùwà tirẹ̀ ni Yorùbá fi ń sọ ọ́.

Ibi tí “to” ti wá

Nínú Gẹ̀ẹ́sì Àtijọ́, èyí tí wọ́n sọ títí di nǹkan bí ọdún 1100, àfòmọ́ ìparí “-an” ni a fi ń dá infinitive mọ̀. “Singan” ni kọrin, “drincan” sì ni mu. Ọ̀rọ̀ atọ́kùn lásán ni “to” nígbà náà. Nígbà tí àfòmọ́ yẹn parẹ́ díẹ̀díẹ̀, “to” gba ipò àmì tí a fi ń mọ infinitive. Àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe bí “can”, “must” àti “let” kò gbà á títí di òní.

Ọ̀nà tí “láti” gbà wáyé nínú Yorùbá fi ara jọ èyí. Ọ̀rọ̀ atọ́kùn “ní” ni ó pàdé “àti”, irú èyí tí ó wà nínú “àtijẹ àtimu”, tí “n” sì di “l” níwájú fáwẹ̀lì “a”. Ìjọra yìí ni ó ń mú kí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ rò pé gbogbo “to” ni “láti”. Kò rí bẹ́ẹ̀. “Mo fẹ́ lọ” ni Yorùbá ń wí fún “I want to go”, “Mo wá kí ọ” ni ó sì ń wí fún “I came to greet you”. “Láti” kò sí nínú èyíkéyìí nínú wọn.

Infinitive àti ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ

Gbólóhùn “I want him to go” ni ó fi ìyàtọ̀ èdè méjèèjì hàn jù. Nínú rẹ̀, “him” ń ṣe iṣẹ́ méjì lẹ́ẹ̀kan náà: òun ni àbọ̀ “want”, òun náà sì ni ẹni tí yóò lọ. Ìrísí àbọ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì fún un. Kò sí ẹni tí í wí pé “I want he to go”. Ní ti Yorùbá, “Mo fẹ́ kí ó lọ” ni. Olùwà ni “ó” yìí, ọ̀rọ̀ náà “kí” ni ó sì ṣí ilẹ̀kùn awẹ́ gbólóhùn tuntun fún un. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá gbé ètò yìí lọ sínú Gẹ̀ẹ́sì yóò kọ “I want that he should go”. Ìtumọ̀ rẹ̀ yé gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì kì í lo “want” báyẹn.

Ní Zion Pepe àti ní àwọn ìlú etíkun mìíràn ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, ní Ìpínlẹ̀ Òndó, Yorùbá nìkan kọ́ ni ó ń ti akẹ́kọ̀ọ́ sí ọ̀nà yìí. Àwọn Ìjọ ti Àrógbò àti àwọn Itsekiri jẹ́ aládùúgbò àwọn Ìlàjẹ, Píjìn Nàìjíríà sì jẹ́ èdè tí a fi ń bá ara ẹni sọ̀rọ̀ láti etíkun yẹn títí dé agbègbè Niger Delta. “I wan make e go” ni Píjìn ń wí. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé láti inú Gẹ̀ẹ́sì ni a ti mú àwọn ọ̀rọ̀ náà, ètò “Mo fẹ́ kí ó lọ” gan-an ni ó tẹ̀ lé: “make” dúró sí ipò “kí”, “e” sì jẹ́ olùwà. Ọmọ tí ó gbọ́ èdè méjèèjì nílé àti lójú omi ti ní ẹ̀rí méjì fún ètò kan náà kí ó tó bá “him to go” pàdé nínú ìwé.

Ẹ̀ka-èdè náà tún mú ọ̀rọ̀ kan wá. Ìlàjẹ wà lára àwọn ẹ̀ka-èdè Gúúsù-Ìlà-Oòrùn Yorùbá, pẹ̀lú Ìkálẹ̀, Òndó, Ọ̀wọ̀ àti Ìjẹ̀bú, gẹ́gẹ́ bí Abíọ́dún Adétugbọ̀ ṣe pín wọn nínú iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ ti ọdún 1967. Ọ̀kan nínú àwọn àmì tí a fi ń dá ìsọ̀rí yìí mọ̀ ni pé ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ kan náà lè dúró fún “ẹ” àti “wọn” ti Yorùbá àjùmọ̀lò. Nítorí náà, ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín “I want you to come” àti “I want them to come” jẹ́ ohun tí olùkọ́ ní láti tọ́ka sí ní pàtó, pàápàá nígbà tí ó bá jẹ́ pé ènìyàn púpọ̀ ni “you” dúró fún.

Àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe tí ń múni ṣe nǹkan ni ó fa wàhálà jù. “Make” àti “let” kò fẹ́ “to”: “She made him wait”, “They let us go”. “Allow”, “enable” àti “force” fẹ́ ẹ: “It enabled him to travel”. “Help” gba méjèèjì. Ní Nàìjíríà, a máa ń gbọ́ òdìkejì, “made him to wait” àti “enable him travel”. Yorùbá kò lè ran ènìyàn lọ́wọ́ níhìn-ín, nítorí pé “kí” kan náà ni ó ń lò fún gbogbo wọn: “ó mú kí ó dúró”, “ó jẹ́ kí ó lọ”. Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ pa kún ìdàrúdàpọ̀ náà. Bí a bá sọ àbọ̀ “make” di olùwà, “to” á padà wá, a ó sì wí pé “He was made to wait”. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kọ “made him to wait” kò ṣàdédé hùmọ̀ “to” náà.

Ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ tún máa ń ṣáájú infinitive nínú “what to do”, “whom to ask” àti “something to eat”. Gẹ̀ẹ́sì kò sọ ẹni tí yóò ṣe nǹkan náà. Nínú “I don't know what to do”, Yorùbá gbọ́dọ̀ dárúkọ rẹ̀: “N kò mọ ohun tí n ó ṣe”. Fún “nothing to eat”, “kò rí nǹkan jẹ” ti tó. “Kò ní nǹkan láti jẹ” tí àwọn olùtumọ̀ kan ń kọ ń rùn bí Gẹ̀ẹ́sì.

Infinitive àti ọ̀rọ̀ àpọ́nlé

Ibi tí ọ̀rọ̀ àpọ́nlé dúró sí lè yí ìtumọ̀ padà. “He quickly decided to leave” ni “Ó tètè pinnu láti lọ”; “He decided to leave quickly” ni “Ó pinnu láti tètè lọ”. Bí a bá fi ọ̀rọ̀ náà sí àárín “to” àti ọ̀rọ̀-ìṣe, “to quickly leave”, a ti la infinitive sí méjì nìyẹn. Henry Alford, àlùfáà àgbà ní Canterbury, bu ẹnu àtẹ́ lu èyí nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1864, ọ̀pọ̀ olùkọ́ sì sọ ọ́ di òfin. Nígbà tí H. W. Fowler kọ ìwé rẹ̀ lórí ìlò Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1926, ó gbà pé ó sàn kí a là á ju kí ìtumọ̀ rú lọ. Fún elédè Yorùbá, kò sí ohun àjèjì nínú rẹ̀, nítorí àárín “láti” àti ọ̀rọ̀-ìṣe gan-an ni “tètè”, “kàn” àti “ṣẹ̀ṣẹ̀” máa ń gbé.

“Not” ṣáájú “to”: “I told him not to go” ni “Mo ní kí ó má lọ”, tí ó yàtọ̀ sí “I didn't tell him to go”, “N kò ní kí ó lọ”. Yorùbá ya “má” sọ́tọ̀ fún ti àkọ́kọ́ àti “kò” fún ti èkejì, èyí sì mú kí ìyàtọ̀ náà rọrùn láti kọ́.

“Too” ni ó yẹ kí a ṣọ́ra fún. “The water is too deep to cross” kò ní “not” nínú, síbẹ̀ ohun tí ó ń wí ni pé “Omi náà jìn débi pé a kò lè fẹsẹ̀ là á kọjá”. Ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ń lo “too” bí ẹni ń wí pé “gan-an”. Ẹni tí ó bá ka “too young to marry” sí “ó kéré gan-an” lásán ti pàdánù ìkọ̀sílẹ̀ tí ó wà nínú rẹ̀.

Infinitive àti ọ̀rọ̀ àpèjúwe

Ọ̀pọ̀ ohun tí Gẹ̀ẹ́sì fi ọ̀rọ̀ àpèjúwe sọ, bí “heavy” àti “deep”, ọ̀rọ̀-ìṣe ni wọ́n nínú Yorùbá: “wúwo”, “jìn”. Ìdí nìyí tí Yorùbá kò fi nílò “is”. Nínú “It is hard for him to mend the net”, èdè méjèèjì bára mu dáadáa: “Ó ṣòro fún un láti tún àwọ̀n náà ṣe”. “Ó” àti “it” níhìn-ín kò tọ́ka sí ohunkóhun. Bí àwọ̀n bá di olùwà, “This net is hard to mend”, a lè wí pé “Àwọ̀n yìí ṣòroó tún ṣe”. Fáwẹ̀lì olóhùn òkè ni ó gba iṣẹ́ “láti” ṣe.

“The fish is ready to eat” ní ìtumọ̀ méjì. Bí ẹja bá wà nínú ìkòkò, “Ẹja náà ti tó jẹ”. Bí ó bá wà láàyè nínú omi, tí ebi sì ń pa á, “Ẹja náà ti múra àtijẹun”. Yorùbá kò jẹ́ kí a sọ méjèèjì pọ̀.

Ipò àwọn ìlò wọ̀nyí nínú Gẹ̀ẹ́sì Nàìjíríà

Láti ọdún 1971 tí Ayọ̀ Bánjọ ti pín Gẹ̀ẹ́sì tí a ń sọ ní Nàìjíríà sí ìpele mẹ́rin ni àwọn onímọ̀ èdè ti ń jiyàn lórí ohun tí a ó pè ní àṣìṣe àti ohun tí a ó pè ní àṣà Nàìjíríà. “Enable him travel” wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn ọ̀mọ̀wé pàápàá, ó sì ṣòro láti pè é ní àìmọ̀wé. Ìdánwò WAEC kò tíì dúró de àríyànjiyàn náà. Gẹ̀ẹ́sì wà lára àwọn iṣẹ́ tí yunifásítì ń béèrè pé kí akẹ́kọ̀ọ́ yege nínú rẹ̀ kí wọ́n tó gbà á wọlé, ìlò àgbáyé ni ìwé gírámà tí wọ́n fi ń múra ìdánwò sì ń kọ́ni: “make” láìsí “to”, “enable” pẹ̀lú “to”.