Ta Ni Yóò Ṣọ́ Erédò Súngbọ́?

Alábà Ràgó kò ní odi kankan tí ó lè fi han àlejò. Ọjà ni. Àgbò so mọ́ èèkàn, irin àlòkù gun orí ara wọn, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ tó ń lọ sí Òkòkómáíkò àti Ìbà ń fun fèrè kọjá lórí títì márosẹ̀ Àgbádárìgì. Àgbò ni àwọn Haúsá ń pè ní "rago", ibẹ̀ sì ni ọjà náà ti rí ìdajì orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn tó ń tajà níbẹ̀ jẹ́ ọmọ ìlú olódi. Ẹni tó ti Kánò wá ní ganuwa nílé, odi alámọ̀ tí ìtàn ìlú náà sọ pé wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ní ayé Gijimasu, tó jọba láti ọdún 1095 sí 1134. Ẹni tó ti Sárìà wá, wọ́n ti sọ fún un láti kékeré pé Àmínà, obìnrin ajagun, ló mọ odi ìlú rẹ̀. Títí di òní, ganuwar Amina ni wọ́n ń pe ọ̀pọ̀ odi àtijọ́ ní ilẹ̀ Haúsá.

Bí Yorùbá tó ń ná àgbò lọ́wọ́ wọn bá jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú, òun náà ní odi tí wọ́n ní obìnrin ló mọ ọ́n. Ó tóbi ju ti Sárìà lọ, ó sì tóbi ju ti Kánò lọ. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ Ìjẹ̀bú tí wọ́n bí sí Èkó kò fi ojú kàn án rí, bẹ́ẹ̀ ni ìrìn àjò ọjọ́ kan péré ni.

Erédò Súngbọ́ ni orúkọ rẹ̀. Kì í ṣe odi olókùúta, yàrà ni. Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ wọ inú, wọ́n sì ń da yẹ̀pẹ̀ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan títí ó fi di òkìtì gíga. Níbi tó ti jìn jù lọ, láti ìsàlẹ̀ yàrà dé téńté òkìtì tó nǹkan bíi mítà 20, gíga ilé alájà mẹ́fà. Gígùn rẹ̀ lápapọ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà 160, ó sì yí Ìjẹ̀bú-Òde àti ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlú àti abúlé tó wà láyìíká rẹ̀ ká. Ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ sí inú rẹ̀ níbi tí igbó ṣì wà yóò rí i pé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì dúró ṣánṣán bí ògiri, pé ewédò ti bò wọ́n, àti pé àwọn igi òkè ti pàdé lórí débi pé oòrùn kò fi bẹ́ẹ̀ wọlé. Ọ̀sán gangan ni, ṣùgbọ́n ìrọ̀lẹ́ ló máa ń jọ níbẹ̀.

Àwọn àjèjì ti tètè gbọ́ nípa irú yàrà yìí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìndínlógún, Duarte Pacheco Pereira, ará Potogí tó ń kọ̀wé nípa etíkun Áfíríkà, sọ nípa ìlú ńlá kan tó ń jẹ́ Geebuu, tí yàrà ńlá yí ká. Ìjẹ̀bú ni. Bóyá Erédò ló ń sọ, bóyá odi ìlú Ìjẹ̀bú-Òde gan-an, àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lé e lórí. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ náà parẹ́ nínú ìwé fún ìgbà pípẹ́. Ní 1959, Peter Lloyd kọ àpilẹ̀kọ lé Erédò lórí nínú ìwé àtìgbàdégbà Odù. Ó di àwọn ọdún 1990 kí Patrick Darling, tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wọn àwọn yàrà ilẹ̀ Ẹdó, tó wá fi ẹsẹ̀ tọ ipa Erédò nínú igbó. Òun ló ṣírò pé yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ jáde níbẹ̀ pọ̀ ju ohun tí wọ́n fi kọ́ píráḿídì ńlá ilẹ̀ Íjíbítì lọ. Ọ̀rọ̀ píráḿídì yìí ni àwọn oníròyìn fẹ́ràn jù, ó sì wúlò níwọ̀nba, ṣùgbọ́n ọba kan ṣoṣo tó ti kú ni píráḿídì wà fún. Gbogbo ilẹ̀ kan pẹ̀lú ènìyàn inú rẹ̀ ni Erédò yí ká.

Kí wá ni wọ́n gbẹ́ ẹ fún? Ìdí tí odi Abẹ́òkúta fi wà kò ṣòro láti mọ̀: ní oṣù kẹta ọdún 1851, àwọn ọmọ ogun Dàhòmì dé, àwọn Ẹ̀gbá dúró lẹ́yìn odi, wọ́n sì lé wọn padà. Odi Ìbíkúnlé ní Ìbàdàn náà, ogun ni wọ́n mọ ọ́n sílẹ̀ fún. Ṣùgbọ́n ta ni yóò kó ọmọ ogun tí yóò to kìlómítà 160 jọ? Ó dà bí ẹni pé ààlà ni Erédò jẹ́ ju odi ogun lọ: ibi tí ilẹ̀ àwa ti parí, tí àlejò gbọ́dọ̀ gba ẹnubodè kó tó wọlé. Ìyẹn sì bá ìwà àwọn Ìjẹ̀bú mu, nítorí títí di òpin ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún ni wọ́n fi di ojú ọ̀nà tó wà láàárín ọ̀sà àti ilẹ̀ òkè mú, tí wọn kì í jẹ́ kí oníṣòwò gba ibẹ̀ bó ṣe wù ú. Ọ̀rọ̀ ọ̀nà yìí gan-an ló fa ogun ọdún 1892. Ẹ̀pẹ́ ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti gbéra lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, wọ́n sì ṣẹ́gun ní Ìmàgbọn. Yàrà ò lè dá ìbọn Maxim dúró.

Ta ló gbẹ́ ẹ? Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti lọ́. Ìtàn Ìjẹ̀bú sọ pé Súngbọ́ jẹ́ obìnrin olówó tí kò bímọ, tó ní kí wọ́n gbẹ́ yàrà náà kí orúkọ òun má baà parẹ́. Àwọn mìíràn wá so orúkọ Bílíkísù mọ́ ọn, wọ́n ní òun ni Ayaba Ṣébà tó lọ bá Sólómọ́nì ọba. Ibojì tí wọ́n ní ó jẹ́ tirẹ̀ wà ní Òkè-Ẹ̀rì, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì sì ń wá síbẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn láti gbàdúrà. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi àdúrà wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ orí méjèèjì kò pàdé. Nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún kan ṣáájú ìbí Jésù ni wọ́n fi ayé Sólómọ́nì sí. Èédú tí àwọn awalẹ̀pìtàn rí nínú yàrà láìpẹ́ yìí, tí wọ́n sì yẹ̀ wò, fi hàn pé ní òpin ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìnlá tàbí ìbẹ̀rẹ̀ ìkẹẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n gbẹ́ ẹ. Ó ju ẹgbẹ̀rún ọdún méjì lọ tó wà láàárín wọn.

Ìtàn àkọ́kọ́ ló sì dùn jù nínú méjèèjì. Obìnrin tí kò ní ọmọ tí yóò jogún rẹ̀, tó fi ilẹ̀ ṣe ọmọ: ọ̀rọ̀ tí Yorùbá lóye láìsí atọ́kùn nìyẹn, kò nílò kí a lọ yá ayaba ilẹ̀ òkèèrè. Ewu tó wà nínú ìtàn Ṣébà kì í ṣe pé ó jẹ́ àsọdùn. Ewu rẹ̀ ni pé ó kó ojú gbogbo ènìyàn lọ sí ibojì kan ṣoṣo. Wọ́n ń gbá ibojì, wọ́n ń ṣọ́ ọ, yàrà tó sọ olóògbé náà di olókìkí sì wà nínú igbó láìní aṣọ́.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà kún fún irú nǹkan báyìí. Òkè olódi, tí wọ́n gbẹ́ yàrà àti òkìtì yí orí rẹ̀ ká, lé ní 4,000 ní Bìrìtéènì àti Áyálàǹdì. Maiden Castle ní Dorset wà lára àwọn tó tóbi jù níbẹ̀. Àyè inú rẹ̀ fẹ̀ tó nǹkan bí hẹ́kítà 19. Ẹni tó bá ti rí Erédò kò ní fi bẹ́ẹ̀ ya ẹnu sí i. Síbẹ̀, ní ọjọ́ Sunday, àwọn ìdílé máa ń kó ọmọ àti ajá wọn gun òkè náà, wọ́n á rìn lórí òkìtì, wọ́n á ka pátákó tí wọ́n kọ ìtàn sí, wọ́n á sì lọ sílé lọ jẹun.

Àwọn náà ní ìtàn àsọdùn tiwọn. Ó ju ọgọ́rùn-ún mẹ́jọ ọdún lọ tí Geoffrey ará Monmouth ti kọ ọ́ sínú ìwé pé oṣó kan tó ń jẹ́ Merlin ló fi ọgbọ́n gbé àwọn òkúta Stonehenge wá láti Áyálàǹdì. Wọ́n sì ti ba nǹkan jẹ́ bíi tiwa. Ní Avebury, ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàdínlógún àti ìkejìdínlógún, àwọn àgbẹ̀ ń dáná sí ìdí òkúta àtijọ́, wọ́n ń da omi tútù lé e kí ó lè sán, wọ́n sì ń fi àfọ́kù rẹ̀ kọ́ ilé. Lẹ́yìn náà ni òfin dé: ọdún 1882 ni ìjọba Bìrìtéènì kọ́kọ́ ṣe òfin tó dáàbò bo irú ibi bẹ́ẹ̀. Ní 1915, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Cecil Chubb ra Stonehenge ní gbàǹjo ní £6,600. Ní 1918 ó fi ta ìlú lọ́rẹ. Lónìí ó lé ní mílíọ̀nù kan ènìyàn tó ń lọ wò ó lọ́dọọdún, owó ìwọlé wọn sì wà lára ohun tí wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀. Wọn kò pa ìtàn Merlin rẹ́. Wọ́n ń sọ ọ́ fún ọmọdé, wọ́n sì ń ṣọ́ òkúta.

Kì í ṣe pé Yorùbá kò mọ bí a ṣe ń ṣọ́ nǹkan. Ọ̀pá Ọ̀rányàn wà ní Ilé-Ifẹ̀, òkúta kan ṣoṣo tó ga tó mítà márùn-ún àti ààbọ̀, tí wọ́n kan ìṣó irin mọ́ lára. Ó dúró nínú ọgbà rẹ̀, ó ní olùtọ́jú, ó ní orò, kò sì sí ẹni tó jẹ́ dábàá pé kí wọ́n fọ́ ọ kọ́lé. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo náà, ọdún rẹ̀ tó ń wáyé lóṣooṣù kẹjọ àti ìjà tí Susanne Wenger àti àwọn olórìṣà jà fún un ni kò jẹ́ kí wọ́n gé e. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lójú kan rọrùn láti ṣọ́. Yàrà tó gùn tó kìlómítà 160 yàtọ̀. Bí wọ́n bá gé e níbì kan, ẹni tó wà ní apá kejì kò ní mọ̀. Títì ti là á kọjá, oko ti bo òkìtì rẹ̀ mọ́lẹ̀, ilé ń sún mọ́ ọn, àwọn kan sì rí i bí ihò tí Ọlọ́run dìídì gbẹ́ sílẹ̀ fún ìdọ̀tí. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò ní ráyè wọ ibẹ̀. Ẹnu Erédò sì ti là níbi púpọ̀.

Ìṣòro mìíràn ni pé ìpínlẹ̀ méjì ló ni ín. Apá kan wà ní Ògùn, apá kan sì wà ní Èkó, níbi tí ìjọba ìdàgbàsókè ìbílẹ̀ kan ti ń jẹ́ Erédò ní agbègbè Ẹ̀pẹ́. Àjọ àpapọ̀ tó ń rí sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àti ibi ìrántí sì wà ní Àbújá. Ohun tí ó bá jẹ́ ti gbogbo wọn báyìí, ó máa ń di ti ẹnikẹ́ni. Ní 1995, Nàìjíríà fi Erédò pẹ̀lú àwọn yàrà Benin sínú àtòjọ ohun tí ó fẹ́ kí UNESCO kà mọ́ ogún gbogbo ayé. Súkùr wọlé ní 1999, Igbó Ọ̀ṣun wọlé ní 2005. Erédò ṣì dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kánò pàápàá kò yọ nínú irú ìyà yìí: òfin dáàbò bo ganuwa rẹ̀, síbẹ̀ wọ́n ti wa amọ̀ rẹ̀ mọ ilé, wọ́n sì ti kọ́ ṣọ́ọ̀bù sórí apá kan rẹ̀. Ọmọ Kánò tó wà ní Alábà Ràgó lè sọ ìyẹn fún oníbàárà rẹ̀.

Kò dìgbà tí UNESCO bá fọwọ́ sí i kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ibi tí títì bá ti la yàrà kọjá, pátákó kan péré lè sọ fún arìnrìn-àjò ohun tó ń kọjá lórí rẹ̀. Ìjọba méjèèjì lè jọ ya àwòrán ilẹ̀ kan ṣoṣo, kí ẹni tó fẹ́ ra púlọ́ọ̀tì mọ ibi tí kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn. Àwọn ọ̀dọ́ abúlé lè jẹ́ afinimọ̀nà, kí owó tó ń wọlé máa wọ abúlé. Ọ̀jọ́ náà kò sì jìnnà sí ọ̀rọ̀ yìí tó bí ó ṣe rí lójú. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1983, ní ọgbà àgbà rẹ̀ ní Ọ̀jọ́, kò jìnnà sí ọjà àgbò. Ó sì ní ọgbà mìíràn ní Ẹ̀pẹ́, lágbègbè tí Erédò wà. Bọ́ọ̀sì kan tó bá gbéra ní ìdájí láti ọgbà kìíní pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn, kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tó dé, lè kó wọn dé etí yàrà kí oòrùn tó mú. Bàtà tó nípọn ni kí wọ́n wọ̀, kí wọ́n sì mú okùn ìwọ̀nlẹ̀ dání, nítorí ọ̀pọ̀ ibẹ̀ kò tíì sí ẹni tó wọ̀n ọ́n láti ìgbà ayé Darling.